ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ LÁÀRIN ÀWỌN ẸLẸ́SÌN: Ẹ̀KỌ́ WO LÀ Ń MÚ LỌ SÍLÉ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá wa ní oríṣiríṣi ẹ̀yà kí á lè mọ ara wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi kì í ṣe wáàsí. Wọ́n ní kí n gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àpérò tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń ṣe ní gbangba yẹ̀ wò, pàápàá ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, kí n sọ èyí tó dára níbẹ̀ àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Mo ti jókòó nínú púpọ̀ nínú wọn, mo sì ti sọ̀rọ̀ nínú díẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé, ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá dákẹ́ níbẹ̀. N ó dé orí ìyẹn láìpẹ́, torí ẹni tó bá fẹ́ gbálẹ̀ ìlú, iwájú ilé tirẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní ilẹ̀ wa, ìjà ló kọ́ ìjọba ní àpérò. Lọ́dún 1986, ọ̀rọ̀ wíwọ̀ tí Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìsìláàmù, OIC, dá awuyewuye ńlá sílẹ̀. Lọ́dún 1987, rògbòdìyàn bẹ́ ní Kafanchan, ó sì ràn ká ìpínlẹ̀ Kaduna; ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé ìjọsìn. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun Ibrahim Babangida dá ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò rìn jìnnà. Lọ́dún 1999 ni NIREC dé, ìgbìmọ̀ tí Sultan Sokoto àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, CAN, jọ ń ṣe alága rẹ̀.

Lókè òkun náà, ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́dún 1965, ìpàdé ńlá ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù gbé ìwé kan jáde tó sọ̀rọ̀ Mùsùlùmí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí 138 kọ lẹ́tà sí Póòpù àti àwọn olórí ìjọ mìíràn, wọ́n ní kí á pàdé lórí ìfẹ́ Ọlọ́hun àti ìfẹ́ ọmọnìkejì. Lọ́dún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì ọdọọdún sọ́tọ̀ fún ìrẹ́pọ̀ láàrin àwọn ẹlẹ́sìn. Ọba Abdullah ti Jọ́dánì ló mú àbá náà wá.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá dé, tàbí bí ìbò bá ń bọ̀, tàbí bí ìjà bá ṣẹ̀ níbìkan, ẹ ó rí aṣọ àkọlé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹ ó rí àga tó kún fún àwọn ènìyàn ńlá, ìmáàmù kan, pásítọ̀ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ìbéèrè mi kò le: àwọn tó jókòó nísàlẹ̀, kí ni wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé tí wọn kò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀?

OHUN TÓ DÁRA NÍBẸ̀

Òdodo ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Mùsùlùmí kò pọ̀ tó Kìrìsìtẹ́nì, agboolé tí ẹ ó sì dé tí ẹ kò ní bá ẹ̀sìn méjì níbẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọkọ ń lọ sí jímọ̀, àbúrò rẹ̀ jẹ́ díákónì, ìyá àgbà ilé ṣì mọ oríkì Ọ̀ràmfẹ̀. Ẹran Iléyá ń lọ sílé onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésìmesì ń padà bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló so wá pọ̀ kí ìjọba tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ìmáàmù àti pásítọ̀ sórí àga kan náà, kò mú àjèjì ìwà wá. Kódà, ọmọ kékeré tó rí i tí àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ ti kọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹran là ń pín, a kì í pín ìmọ̀. Aládùúgbò tó ti ń jẹ ẹran Iléyá wa láti ọgbọ̀n ọdún, ẹ bi í pé kí ló fà á tí a fi ń pa ẹran náà. Ẹ ó yà yín lẹ́nu. Èmi náà ńkọ́? Bí ẹ bá bi mí nígbà kan rí pé kí ni Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tí wọ́n ń jẹun sí ni mo máa ní ó jẹ́, n ó sì rẹ́rìn-ín. Níbi tí ìmọ̀ kò sí yìí ló yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí. Ṣé ibẹ̀ ló ń bọ́ sí?

ÀLÉÉBÙ KÌÍNÍ: ẸNU DÍDÙN

Mo wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ tí àwọn mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní Ọlọ́hun kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Ẹni kejì ní ọmọ Ànábì Ibrahim ni gbogbo wa. Ẹni kẹta ní ẹ̀sìn àlàáfíà ni méjèèjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín ohun mímu.

Bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, kí ló dé tí bàbá mi ò gbà kí n fẹ́ ẹni tí mo mú wálé? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni." Mo wò ó títí. Wákàtí mẹ́ta la ti fi ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò sì sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí mo lè mú dá ọmọ yìí lóhùn. Ìbéèrè tirẹ̀ gan-an ló yẹ ká fi ṣe àkọlé ọjọ́ náà.

Mùsùlùmí tó ń ka Suratul Ikhlās lórí ìrun mọ̀ pé ohun tí òun gbà nípa jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́hun yàtọ̀ sí ohun tí ìjọ ń kọ́ni nípa Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Onígbàgbọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀. Suratul Kāfirūn kò fi í pamọ́ pé ọ̀nà yà, kò sì ní kí á tìtorí rẹ̀ gbé igi. Ẹni tó bá wí lórí àga pé kò sí ìyàtọ̀ kankan kò tíì ka ìwé tirẹ̀ dáadáa, áḿbọ̀sì ti ẹnìkejì. Àwọn tó gbọ́ ọ yóò délé, wọn yóò bá ìyàtọ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, lórí ìsìnkú, lórí ogún, wọn yóò sì rò pé irọ́ ni wọ́n pa fún àwọn.

ÀLÉÉBÙ KEJÌ: ÌJÀKADÌ

Èyí ni tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 á rántí kásẹ́ẹ̀tì Ahmed Deedat, ará South Africa, tó kú lọ́dún 2005. Àríyànjiyàn òun àti Jimmy Swaggart ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin wa. N kò ní bú u. Ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìgboyà lákòókò tí wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwa tá a gbọ́ ọ, igi la fi ṣe. Àkókò náà sì gbóná: lọ́dún 1991, ìròyìn pé Reinhard Bonnke, oníwàásù ará Jámánì, ń bọ̀ ní Kano dá rògbòdìyàn tó gba ẹ̀mí púpọ̀ sílẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni wọ́n pè mí síbi àpérò kan ní ìlú Oǹdó. Àkọlé ọjọ́ náà ni òdodo nínú ọjà: òṣùwọ̀n èké, ọjà tí wọ́n fi omi lé, owó èlé. Bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ ìjọ, ló yẹ kí àwa méjèèjì jọ sọ̀rọ̀. Èmi kò múra òṣùwọ̀n kankan sílẹ̀. Ìwé tí mo mú dání, ẹsẹ Bíbélì mẹ́rìndínlógún ni mo kọ sínú rẹ̀, tí mo ní wọ́n ta ko ara wọn. Bí wọ́n ṣe fún mi ní gbohùngbohùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ní kí bàbá náà dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pariwo "Allāhu Akbar!" Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó mú wá sọ nípa òṣùwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà nínú gbọ̀ngàn náà. Áńgílíkà ni. Òun ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́ta, òun ló sì ra wàláà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kéú, torí ó ní ẹ̀sìn bàbá ọmọ ni ọmọ ń ṣe. Nígbà tí mo délé, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, o mọ Bíbélì jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé mò ń bá ọ jà?" Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú, ó sì dárí jì mí. Kò tún bá mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́.

Al-Kùránì pàṣẹ nínú Suratu Nahl ẹsẹ 125 àti nínú Suratul Ankabūt ẹsẹ 46 pé bí a bá fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn, ọ̀nà tó dára jù ni kí á gbà. Mo mọ ẹsẹ méjèèjì lórí lọ́jọ́ yẹn. Kò dé ẹnu mi.

ÀLÉÉBÙ KẸTA: ÀWỌN TÍ A KÒ PÈ

Ẹ wo àwọn tó ń wà lórí àga. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àgbà ni wọ́n, òyìnbó ni wọ́n sì ń sọ. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tó ń bá ẹlẹ́sìn gbogbo dá èsúsú, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun kan. Àwọn ọmọ iléèwé jókòó lẹ́yìn bí ẹni tó wá kún àga.

Àwọn kan tún wà tí a kì í dárúkọ wọn rárá: àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ìlú tó ń ṣe ọdún Ògún bí Oǹdó, a ó ṣe àpérò "gbogbo ẹ̀sìn" níbẹ̀, ẹ̀sìn méjì péré ni yóò wà níbẹ̀. N kò sọ pé kí Mùsùlùmí lọ́wọ́ sí ohun tí Ọlọ́hun kọ̀ fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí a jọ ń gbé ìlú ní ẹ̀tọ́ kí á gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin lọ́dún 2023 lórí ọdún ìṣẹ̀ṣe fi hàn wá pé ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti sí, agbófinró àti ilé-ẹjọ́ ni yóò gba ipò rẹ̀.

ÀLÉÉBÙ KẸRIN: KÒ SÍ OHUN TÓ Ń ṢẸ́ KÙ

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ojúlówó ibi tí ará ìlú ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Lọ́dún 2014, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tó kó ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìlú àti ààbò lábẹ́ orúkọ kan. Nígbà tó di 2017, ariwo sọ káàkiri. Kìrìsìtẹ́nì ń wí pé wọ́n ti pa ẹ̀kọ́ àwọn rẹ́, Mùsùlùmí ń fèsì, títí wọ́n fi tún yà á sọ́tọ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àpérò tí mo lọ kò mọ ní méjì. N kò gbọ́ ọ nínú ọ̀kankan kí ẹnìkan tú ìwé ẹ̀kọ́ náà kí ó kà á fún wa. Ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ gbogbo wa, tí ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀, àhesọ la fi jà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn kan kún un. Ẹni àkọ́kọ́ tó túmọ̀ Al-Kùránì sí èdè Yorùbá tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, àlùfáà ìjọ ni, M. S. Cole, lọ́dún 1906. Èyí tí ìgbìmọ̀ àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ṣe, àwọn ọdún 1970 ló tó jáde. Ohun yòówù kó wà lọ́kàn Cole, ó jókòó ti ìwé wa fún iṣẹ́ tí kò kéré. Mélòó nínú àwa tá à ń lọ síbi àpérò ló ti jókòó ti ìwé ẹnìkejì bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé a ń wá ibi tí a ó ti bù ú?

ÈYÍ TÓ YÀTỌ̀

Mo rí ọ̀kan tó yàtọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ni, fún àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ní ìlú Oǹdó, ìlú tí Adeyemi College tó ti wá di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti àwọn ọdún 1960. Kò sí aṣọ àkọlé, a kò pé ogójì. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: olùkọ́ Mùsùlùmí yóò ṣàlàyé ohun kan nínú ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, tí onílé á fi sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí a gbà nìyẹn", lẹ́yìn náà, olùkọ́ Kìrìsìtẹ́nì yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ẹ̀rín sọ. Mo ní Mẹ́talọ́kan túmọ̀ sí Ọlọ́hun mẹ́ta. Olùkọ́ Bíbélì kan ní, "Rárá o, Àáfà, a ò wí bẹ́ẹ̀." Ó ṣàlàyé, mo tún un sọ, ó tún mi ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta. N kò gba ohun tí ó gbà, n kò sì ní gbà á láéláé. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo mọ ohun tí n kò gbà. Ó wá kan òun. Ó ní òkúta dúdú là ń sìn ní Mẹ́kà. A jọ jókòó lórí ìyẹn títí Àsárì fi wọlé. Nígbà tí a dìde láti kírun, ó ti àga sẹ́yìn fún wa kí àyè lè gbà wá.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun nínú Ìsìláàmù. Nígbà tí ìyà pọ̀ ní Mẹ́kà, àwọn sàábé kan sá lọ sí Hábáṣà, sọ́dọ̀ Najāshī, ọba tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn Kùráéṣì rán Amr ọmọ Al-Ās tẹ̀lé wọn. Jafar ọmọ Abu Tālib ló dìde sọ̀rọ̀. Kò bú ẹ̀sìn ọba. Ó sọ ohun tí àwọn jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí Ànábì kọ́ wọn, ó sì ka díẹ̀ nínú Suratu Maryam, ọba sunkún. Lọ́jọ́ kejì, Amr padà wá, ó ní àwọn wọ̀nyí ń sọ ohun burúkú nípa Ísá. Ọba bi Jafar. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ̀ lé mi. Ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ ọba yẹn. Ká ní ẹnu dídùn ni, ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Jafar ní ẹrú Ọlọ́hun ni Ísá, òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni, ọmọ Maryam wúńdíá. Kò fi ìyàtọ̀ pamọ́, kò sì fi gún ẹnikẹ́ni. Ọba kò sì lé wọn.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Najrān pẹ̀lú wá bá Ànábì ní Mẹ̀dínà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ṣọ̀kan lórí Ísá, síbẹ̀ àdéhùn àlàáfíà ni wọ́n fi túká. Ẹ rí i pé àìfohùnṣọ̀kan kò ba àdéhùn jẹ́.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI LE

Bóyá ẹnìkan ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Àáfà yìí, ṣé ọ̀rọ̀ àpérò náà tó báyìí?" Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn tó ń jọ́sìn, ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn olórí Mùsùlùmí bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò mi ní Àkúrẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì tá a ti ń kí ara wa láràárọ̀ kò dáhùn ìkíni mi fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò bínú sí i. Kí ló mọ̀ nípa Mùsùlùmí ju ohun tó gbọ́ lórí rédíò lọ? Ọdún mélòó ni mo fi ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò sọ nǹkan kan fún un?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an, fóònù mi dún. Olùkọ́ Bíbélì ọjọ́sí ni, láti Oǹdó. Ó ní, "Àáfà, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá jáde lálẹ́ yìí." Èmi ló yẹ kí n pè é, ìjọ tirẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀, òun ló pè mí. Gbogbo àpérò ẹlẹ́nu dídùn tí mo ti lọ, kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó ní nọ́ńbà fóònù mi.

Ní Kaduna, Imam Muhammad Ashafa àti Pastor James Wuye jọ jagun lòdì sí ara wọn nínú rògbòdìyàn ọdún 1992. Pastor pàdánù apá rẹ̀, Imam pàdánù àwọn ẹbí àti olùkọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ ìlàjà. Kò sí ẹni tó yí ẹ̀sìn padà nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí á dúró títí a ó fi ní irú ọgbẹ́ wọn kí á tó ní irú ọgbọ́n wọn.

ÌMỌ̀RÀN MI

Kìíní, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dojú kọ, kí ó sì jẹ́ èyí tó ń dun ará ìlú: ìgbéyàwó, ìsìnkú, híjáàbù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ lórí híjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó. Kí amòfin ka ìdájọ́ náà fún wa ní èdè Yorùbá. Kí pásítọ̀ àti àáfà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì, kí onílé júwe ilé rẹ̀, kí àlejò tún un sọ títí onílé á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni".

Ìkẹta, kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣe é, kí obìnrin àti akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí àga, kí wọ́n gba ìbéèrè ní kíkọ sínú ìwé, kí ẹni tó ń bẹ̀rù lè béèrè.

Ìkẹrin, kí ìwé pélébé kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, tí olùkọ́ lè mú lọ sí kíláàsì.

Ìkarùn-ún, èyí sì kan àwa nìkan: ẹni tí kò mọ ilé tirẹ̀ kò lè júwe rẹ̀ fún àlejò. Kí ilé kéú wa máa kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ ohun tó ń kà, kí ó lè sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ohùn pẹ̀lẹ́.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe ọ̀rọ̀ jì wá, èyí tí a sọ àti èyí tí a kọ̀ láti sọ. Kí Ó dá àlàáfíà sí Àkúrẹ́, sí Oǹdó, sí Ọ̀wọ̀, sí gbogbo ilẹ̀ wa. Kí Ó jẹ́ kí á gbọ́ ohun tó dára, kí á sì tẹ̀ lé e. Āmīn.

Wassalāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.